Gọ́ọ̀mù Ilé Ìwẹ̀

Omi ń ro tó-tó-tó láti ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ nígbà tí obìnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìṣó àti gọ́ọ̀mù. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì gbé ike gọ́ọ̀mù tó ti lò tán ka orí kántà. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn kántà gbójú sókè, ó sì gbàgbé ìṣó tó ń wọ̀n lọ́wọ́.

"Ta ló ta eléyìí fún mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó! Èèyàn mẹ́rìnlá ni mo gbé láàárọ̀ yìí. Aláboyún kan wà níbẹ̀. Àárín odò la wà tí omi fi ń wọlé lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Fìlà ni bàbá àgbàlagbà kan fi ń gbọ́n ọn. Ṣé gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí àlàfo pákó ọkọ̀ nìyí?"

Atukọ̀ ni gbogbo èbúté ń pè é, bí ẹni pé kò sí atukọ̀ mìíràn, nítorí òun nìkan ni obìnrin tó ń gbé èrò kọjá odò. Bàbá rẹ̀ tó ti kú ló fi ọkọ̀ pákó náà sílẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà, ọmọ oníṣọ́ọ̀bù ni. Olóhùn-Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é.

Olóhùn-Pẹ̀lẹ́ yí ike náà wò. Bébà tó ní àwòrán ọkọ̀ ojú omi ló wà lára rẹ̀. Ó fi èékánná ṣí igun rẹ̀, àwòrán ọpọ́n ìwẹ̀ sì yọjú lábẹ́. Ó mọ ẹni tó lẹ̀ ẹ́. Oníṣọ́ọ̀bù, bàbá rẹ̀, ni.

"Ti ilé ìwẹ̀ ni," ó wí. "A rẹ́ yín jẹ."

Ó lè parọ́. Ọ̀pọ̀ ni ì bá parọ́, tí wọn ì bá sì jẹun yó lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ẹnì kan ṣe lè jókòó, kí ó máa lẹ àwòrán ọkọ̀ mọ́ ohun tí kò lè dá omi odò dúró, tí ó sì mọ̀ pé èèyàn ni yóò wọ ọkọ̀ náà, kò yé mi títí di òní.

Lọ́jọ́ kejì, Olóhùn-Pẹ̀lẹ́ kó àkísà àti gọ́ọ̀mù dání, ó lọ bá Atukọ̀ tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ní etí odò, níbi tí wọ́n fa ọkọ̀ náà gòkè sí.

"Ta ló rán yín wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Kí lẹ wá fẹ́ fi gbogbo àkísà yẹn ṣe? Ẹ fún mi ní gọ́ọ̀mù tó le jù, kẹ́ ẹ máa lọ."

"Èyí tó le jù kọ́ la fẹ́. Pákó máa ń wú nínú omi, ó sì máa ń súnkì tó bá gbẹ. Èyí tó le yóò já kúrò lára rẹ̀. Èyí tó ń fà bí rọ́bà ló máa bá a lọ."

"Ẹ ń sọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìyàwó."

"Mi ò tíì ní ìyàwó."

"Ta ló bi yín?"

Gọ́ọ̀mù burúkú náà ti fi ọ̀rá sára igi, kò sì sí òmíràn tó máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fi abẹ ha á, tí wọ́n ń fi sípíríìtì nù ún, títí igi funfun fi yọ. Wọ́n lẹ téèpù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àlàfo náà. Olóhùn-Pẹ̀lẹ́ fi gọ́ọ̀mù tuntun kún un, ó sì fi ìka tẹ́ ẹ.

Ọjọ́ kejì ẹ̀, Atukọ̀ fọwọ́ kàn án. "Ó ti gbẹ. Ẹ jẹ́ ká tì í sómi."

"Òkè rẹ̀ ló gbẹ. Inú rẹ̀ ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ kan."

Ó ju àkísà lù ú. Ọkùnrin náà ká àkísà náà dáadáa, ó gbé e sílẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ kan, olólùfẹ́ mi."

Atukọ̀ yíjú sí i. "Kí lo pè mí?"

"O gbọ́ mi."

Láti ọjọ́ náà, wọn ò pe ara wọn ní "ẹ" mọ́.

Oníṣọ́ọ̀bù gbọ́ pé ọmọ òun fẹ́ fẹ́ Atukọ̀. "Fẹ́ ẹ tó o bá fẹ́," ó wí fún ọmọ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ lójú gbogbo èbúté pé òun ni kò mọ gọ́ọ̀mù lò."

"Bàbá mi, ta lẹ tún tà á fún?"

Bàbá kọ ẹ̀yìn sí i. Ọmọ kó aṣọ rẹ̀ kúrò nílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó kìlọ̀ fún àwọn atukọ̀ yòókù, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ṣebí àwòrán ọkọ̀ ló wà lára ike gọ́ọ̀mù tiwọn.

"Kí n parọ́ mọ́ ara mi kí n tó wọ ilé yín?" Atukọ̀ ló bi í bẹ́ẹ̀, nígbà tó gbọ́ ohun tí bàbá ní kí òun sọ. "Lẹ́yìn igbe tí aláboyún yẹn ké?"

"Mi ò ní kó o parọ́. Tó o bá pa irọ́ náà, mi ò ní fẹ́ ọ mọ́."

Aláboyún náà fúnra rẹ̀ ló wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra gílóòbù iná. Kò mọ̀ pé ẹni tó ta gọ́ọ̀mù náà lòun ń bá sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ sí ikùn, ó ròyìn àárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní òun ti ń dágbére fún ọmọ inú òun.  Oníṣọ́ọ̀bù gbé gílóòbù fún un, ó gbàgbé láti gbowó.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, wọ́n ti ọkọ̀ sómi. Atukọ̀ ṣí pákó ìsàlẹ̀, ó fọwọ́ kan ibẹ̀. Ó gbẹ táútáú. Nígbà tó gbójú sókè, oníṣọ́ọ̀bù ló dúró ní bèbè.

"Ọmọ mi, má bínú," ó wí fún Atukọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Bàbá, èmi nìkan kọ́ lẹ rẹ́ jẹ. Ta lẹ tún tà á fún?"

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó nawọ́ sí ọkọ̀ méjì tí èrò ti ń wọ̀.

"Ẹ lọ sọ fún wọn. Kí gbogbo èèyàn gbọ́," Atukọ̀ wí.

Ó lọ. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀!" ó kígbe. "Gọ́ọ̀mù tí mo tà fún yín, ti ilé ìwẹ̀ ni. Èmi ni mo yí bébà rẹ̀ padà."

Èébú bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pè é ní apànìyàn, wọ́n dì í ní ọrùn aṣọ mú, kò gbọn ọwọ́ wọn dànù. Atukọ̀ ń wò títí èrò ìkẹyìn fi sọ̀ kalẹ̀. Ó yíjú sí Olóhùn-Pẹ̀lẹ́.

"Bi mí ní ohun tó o fẹ́ bi mí."

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n lọ dúró ti bàbá wa ná. Èébú yẹn ti pọ̀ jù fún ẹnì kan."