Ìyàwó Tí Wọ́n Fi Sílé Torí Ẹ̀dínwó

"Ṣé etí rẹ di ni, ìyàwó? Mo ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró sílé, ìwọ sì ni ẹni náà!"

Àǹtí Ẹ̀dínwó ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìdáná àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó gbọ́wọ́ lé ìbàdí bí ẹni tó ni ilé. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́mọ kọ́ nìyẹn o. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kì í ti í ní kí wọ́n dín owó fún òun, títí kan ilé oògùn. Ife oníike tí àwọn èèyàn ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń sọ nù, òun a máa fọ̀ ọ́, a sá a sójú fèrèsé, yóò sì tún máa mu omi nínú rẹ̀ títí yóò fi là. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ahun rẹ̀ mọ, ẹ̀rín là bá fi rín in. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀dínwó obìnrin yìí ń rùn, òórùn náà kò sì ní pẹ́ kan gbogbo ilé.

Ẹni tó ń bá wí ni ìyàwó àbúrò rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí títì. Odidi ọdún méjì ni aránṣọ yìí fi ń yọ díẹ̀díẹ̀ pa mọ́ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀, kí ó lè mú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá, níbi tí kẹ̀kẹ́ ràbàtà kan ti ń gbé èèyàn yí po lókè. Kò fẹ́ nǹkan mìíràn ju kí òun jókòó sáàárín àwọn ọmọ náà lórí kẹ̀kẹ́ yẹn.

"Àǹtí, ẹ má bínú," ni ó wí. "Èmi ni mo tọ́jú owó yẹn. Mo ti ṣèlérí fáwọn ọmọ pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ máa gun kẹ̀kẹ́ náà. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé èmi ni mi ò ní lọ?"

"Káàdì ìdílé la rà, torí òun ló dínwó. Bàbá kan, ìyá kan, ọmọ kan. Ọmọ kejì, bí kò bá ti ga kọjá ìlà tí wọ́n fà sára ògiri, ọ̀fẹ́ ni. Èmi ni màá dúró síbi ìyá, torí èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Tí ìwọ náà bá tẹ̀lé wa, odidi tíkẹ́ẹ̀tì kan la tún máa rà. Àbí o fẹ́ kí àbúrò mi tọrọ jẹ ni?"

Àbúrò náà, ọkùnrin tó ń ta táyà, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ṣọ́wóná, jókòó sídìí tábìlì, ó ń jẹ búrẹ́dì tí ìyàwó rẹ̀ fi owó ara rẹ̀ rà. Kò gbójú sókè.

"Ìyá ọmọ, ṣe sùúrù," ni ó wí. "Lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ nìkan ni màá mú lọ."

Irọ́ burúkú! Bí búrẹ́dì bá lè sọ̀rọ̀ ni, ì bá há a lọ́fun.

Ohun kan ti ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn tó yẹ kó la aránṣọ lójú. Ó ti rán gáùn aláwọ̀ ọsàn kan tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ọgbà náà. Àǹtí Ẹ̀dínwó wá yá a, ó ní òun ní òde kan. Ó tún ní kó bá òun tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní íǹṣì méjì. Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí Ẹ̀dínwó gbẹ bí ìgbálẹ̀, méjì irú rẹ̀ á gba inú gáùn náà láìtú u rárá. Aránṣọ wò ó, ó wo gáùn. Ó tú u, ó tún un rán, ó lọ̀ ọ́, ó ká a fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Nígbà tí ọjọ́ ìrìn náà pé, ó jí, ó se ìrẹsì, ó dín ẹran, ó kó o sínú kúlà, torí oúnjẹ inú ọgbà wọ́n. Ó di irun ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó ga débi pé Àgùntáṣọọ́lò ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó juwọ́ sí wọn, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ.

Ní ibùdókọ̀, ẹnì kan ti ń dúró de àwọn arìnrìn-àjò wa. Obìnrin kan tó ń ta lọ́fínńdà ní ilé ìtajà ńlá ni, ó sanra díẹ̀, ó kun ètè, gáùn aláwọ̀ ọsàn sì wà lọ́rùn rẹ̀! Oṣù mẹ́jọ ni òun àti Ṣọ́wóná ti ń yan ara wọn lálè. Ta ló mú wọn mọ ara wọn? Àǹtí Ẹ̀dínwó ni. Kí ni wọ́n fún un? Ìgò lọ́fínńdà ọ̀fẹ́ kan lóṣooṣù. Ẹ gbọ́ mi, ìgò lọ́fínńdà ni obìnrin yìí fi ta ìyàwó àbúrò rẹ̀, ìyàwó tó bá a tọ́jú ẹsẹ̀ nígbà tó ṣubú, tó ń rán aṣọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àlè náà ti ń yọ Ṣọ́wóná lẹ́nu pé kó mú òun jáde. Ọkùnrin náà wá rò ó pé ìjáde ọmọ àti ìjáde àlè, owó ìyàwó òun lè ṣe méjèèjì. Ó máa ń rí mi lára bí mo bá ti rántí rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, Àǹtí Ẹ̀dínwó fi tíkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ni-márùn-ún yangàn: ẹni márùn-ún á jọ lọ, ẹni márùn-ún á jọ bọ̀, ó sì dínwó ju kí kálukú ra tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwọn ọmọ.

"Tí a bá dé ẹnu géètì, àǹtí yìí ni màmá yín. Ìwọ Àgùntáṣọọ́lò, ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́. Kí o ṣẹ́ orúnkún díẹ̀ lábẹ́ gáùn rẹ tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́. Ẹni tó bá sì lọ rò fún màmá yín nílé, kò tún ní bá wa jáde mọ́ láé."

"Dádì, ṣé lóòótọ́ ni ká máa pè wọ́n ní Màmá?" ni ọmọbìnrin náà bi bàbá rẹ̀.

"Ṣe ohun tí àǹtí rẹ bá sọ," ni bàbá dáhùn, ó sì kọjú sí fèrèsé. Bàbá nìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan níbí. Ká ní wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo fún oní-lọ́fínńdà, kó máa wọlé lọ lórúkọ ara rẹ̀, kò sí ẹni tí ì bá bi í ní ohunkóhun. Owó rẹ̀ kò ju ti táyà àlòkù kan lọ. Ṣùgbọ́n alásejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.

Obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù ló ń yẹ káàdì wò lẹ́nu géètì. Ó ka orúkọ aránṣọ, oní-lọ́fínńdà dáhùn pé òun nìyẹn, láìtijú. Aṣọ́nà yìí wá gba tíkẹ́ẹ̀tì Àǹtí Ẹ̀dínwó. Tíkẹ́ẹ̀tì ìdajì owó ni, ti àwọn arúgbó. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta tó ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun kò tíì pé ogójì, ó kọ mẹ́tàdínláàádọ́rin síwájú orúkọ ara rẹ̀!

"Màmá àgbà, ẹ rọra o," ni aṣọ́nà wí. Àǹtí Ẹ̀dínwó bá tẹ̀ díẹ̀ bí arúgbó.

Ó wá kan Àgùntáṣọọ́lò. Ọmọ náà dúró síbi ògiri, ó ṣẹ́ orúnkún.

"Ọmọ mi, nàró dáadáa. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

Ọmọ náà wo àǹtí rẹ̀. Ó wo gáùn aláwọ̀ ọsàn. Ó bú sẹ́kún.

"Wọ́n ní kí n sọ pé mẹ́fà. Wọ́n ní kí n máa pe àǹtí yìí ní Màmá. Màmá mi wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń ránṣọ. Gáùn màmá mi ni wọ́n wọ̀ yẹn."

"Ọmọ burúkú! Ẹ má dá a lóhùn, ibà ló ń ṣe é!" ni Àǹtí Ẹ̀dínwó pariwo.

Aṣọ́nà kó gbogbo wọn lọ sí ọ́fíìsì. "Ọmọ tó bá ti ní obìnrin tó mú òun wá kì í ṣe ìyá òun, mi ò lè jẹ́ kó lọ láìrí ìyá rẹ̀," ni ó wí. Ó tẹ nọ́ńbà tó wà lórí káàdì. Gbogbo wọn wo báàgì oní-lọ́fínńdà. Báàgì kò dún.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré létí títì ni fóònù ti dún. Ẹ mọ ìdí rẹ̀? Nígbà tí Àǹtí Ẹ̀dínwó ń ra káàdì, ọgbà náà ń dín owó díẹ̀ sí i fún nọ́ńbà tó bá jẹ́ tuntun lọ́dọ̀ wọn. Ó ti lo tirẹ̀ rí, Ṣọ́wóná náà ti lo tirẹ̀. Ló bá fi nọ́ńbà aránṣọ sí i, torí owó tí kò tó ra ọṣẹ.

"Ẹ̀yin ni ìyá àwọn ọmọ yìí?" ni ohùn kan béèrè.

"Èmi ni. Kí ló ṣe wọ́n?"

"Kò sóhun tó ṣe wọ́n, Màmá. Àmọ́ ẹnì kan wọ gáùn aláwọ̀ ọsàn níbí, ó ń jẹ́ orúkọ yín."

Aránṣọ gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ bọ́ọ̀sì. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó wọ ọ́fíìsì náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ sáré dì mọ́ ọn. Ó wo oní-lọ́fínńdà láti òkè délẹ̀, ó sì fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ gáùn náà.

"Íǹṣì méjì," ni ó wí. "Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi tú u."

"Ìyá ọmọ, jọ̀ọ́, má pariwo, àwọn èèyàn ń wò wá," ni Ṣọ́wóná bẹ̀bẹ̀.

"Ta ló pariwo?"

"Torí ìdílé la ṣe ṣe é!" ni Àǹtí Ẹ̀dínwó wí. "Owó la fẹ́ dín kù, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ!"

"Àǹtí, ẹ dín owó títí, ẹ wá dín èmi náà kúrò nílé mi. Ẹ wá ní kí ọmọ tí mo bí máa pe ẹlòmíràn ní ìyá. Ọ̀dàlẹ̀ a máa bá ilẹ̀ lọ. Mi ò ní ṣépè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Oní-lọ́fínńdà ti yí sí Ṣọ́wóná. "Ṣebí o ní ìyàwó ẹ ti kó jáde lọ́dún tó kọjá? O ní orúkọ ẹ̀ kàn ṣì wà lórí ìwé ni! Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, o ò lè rà á fún mi! Ahun! Aláìnítìjú!" Ó gbé báàgì rẹ̀. Ó wo gáùn ara rẹ̀, ó sì dúró.

"Ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ," ni aránṣọ wí. "Mi ò lè jẹ́ kó kan ara mi mọ́." Obìnrin náà jáde, ó wọ takisí, kò bojú wẹ̀yìn.

Aṣọ́nà ní kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò san owó ìtanràn, kí wọ́n má sì fẹsẹ̀ tẹ ọgbà náà fún ọdún kan. Ó wá kọjú sí aránṣọ. "Orúkọ yín ló wà lórí káàdì yìí, Màmá. Ẹ mú àwọn ọmọ yín wọlé."

"Ẹ ṣeun. Ọmọbìnrin mi kò yẹ kó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ o. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó sì ga. Ẹ gba owó rẹ̀."

Àgùntáṣọọ́lò nàró ṣánṣán lẹ́bàá ògiri, orí rẹ̀ kọjá ìlà dáadáa.

Lórí kẹ̀kẹ́ ràbàtà, aránṣọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí. Nígbà tí wọ́n dé òkè pátápátá, ó rí èèyàn méjì lẹ́yìn géètì, tí wọ́n jókòó sórí òkúta nínú oòrùn, tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì tí òun sè láàárọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń fi omi ṣan ife oníike. Aránṣọ gbójú kúrò níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọgbà, Ṣọ́wóná àti Àǹtí Ẹ̀dínwó ti wà níbẹ̀. Akọ̀wé ọkọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. "Ẹ̀yin márùn-ún lẹ wá, ẹ̀yin márùn-ún lẹ gbọ́dọ̀ padà," ni ó ń wí. Owó ìtanràn sì ti gbá àpò Ṣọ́wóná nù.

Bí Àǹtí Ẹ̀dínwó ṣe rí aránṣọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó sáré pàdé rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ìyàwó wa, ìyàwó àtàtà! Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ! Wá, ìwọ lo máa jẹ́ ká pé márùn-ún!"

Láàárọ̀, ó pọ̀ jù. Nísinsìnyí, wọn kò pé láìsí i. Aránṣọ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sójú fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

"Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Àgbà kan, ọmọ méjì."

"Màmá, tí ẹ bá dara pọ̀ mọ́ àwọn wọ̀nyẹn, ẹ ò ní san kọ́bọ̀."

"Mo mọ̀. Mẹ́ta ni wá. Owó rẹ̀ tó pé rèé."

Ṣọ́wóná tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, omijé ti gba ojú rẹ̀. "Ìyá ọmọ, ṣé o máa fi mí síbí ni? Níbo ni mo fẹ́ sùn?"

"Ẹrù yín á ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó dé," ni aránṣọ wí. Ó jẹ́ kí àwọn ọmọ wọlé tán kí òun tó gbé ẹsẹ̀ sókè. "Ní ti ibi tí ẹ máa sùn, ẹ bi Àǹtí. Wọ́n mọ ibi tó dínwó."