Lẹ́ńsì Tí Kì Í Fa Òkèèrè Sítòsí

Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kì í sùn sórí omi ní Etikan. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á tú u nídìí ọkọ̀, wọ́n á gbé e wọlé, wọ́n á fi ẹní bò ó bí ọmọ tuntun. Nítorí náà, láàárọ̀ tí Bàdírátù jí tó bá ẹní láìbá ẹ́ńjìnì, igbe tó ké, bí ẹja òkun Àráròmí kò bá gbọ́ ọ, a jẹ́ pé wọn kò létí ni. Ọkọ̀ yẹn ló ń bọ́ ilé rẹ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Ògúnlànà ni wọ́n rán sí i. Gbajúmọ̀ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Wọ́n ní bí èèyàn bá parọ́ l'Ákùúrẹ́, òórùn rẹ̀ á bá a nílé. Kò tíì jókòó tí Pius ayàwòrán fi fi fọ́tò kan lé e lọ́wọ́: Sódìq, ọmọkùnrin tó ń bá Bàdírátù wa ọkọ̀, gbé ẹ́ńjìnì lé èjìká nínú ìdájí. Ojú rẹ̀ kún fọ́tò débi pé èèyàn lè ka irun ìpéńpéjú rẹ̀.

"Òdìkejì odò ni mo wà, sà," ni Pius wí. "Ìdájí òní ni. Ó rò pé ẹnì kankan ò rí òun."

Wọ́n mú Sódìq wá. "Ọ̀gá, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Pius ti ya èyí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé ẹ́ńjìnì láràárọ̀! Iwájú mi báyìí ló dúró sí, ó ní òun ń dán lẹ́ńsì wò."

"Fọ́tò wá ń parọ́?"

"Fọ́tò ò parọ́, sà. Ẹnu Pius ni. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà."

Ògúnlànà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ ọjà, ó bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn Sódìq, ó gbé páálí "OLÈ" kọ́ ọ, ó sì mú un yí gbogbo èbúté Igbókòdá ká. Ariwo tí wọ́n hó lé ọmọ náà lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú ọkọ̀ dé. Ìyá rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń pariwo, "Ọma mi kì í ṣe olè!"

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá mú fọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ Màmá Mabel, ìyá àgbà tó kọ́ Pius níṣẹ́.

"Ẹ bá mi sọ ọ́ di ńlá, Màmá. Kóòtù ló ń lọ."

Mabel wo fọ́tò, ó wo ọ̀gá, ó tún wo fọ́tò. "Níbo lẹ ní Pius wà?"

"Òdìkejì odò."

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín, díẹ̀ ló kù kó gbé eyín mì. "Lẹ́ńsì wo ló fi yà á? Lẹ́ńsì àtijọ́ tí wọ́n kọ àádọ́ta sí lára yẹn? Èmi ni mo fún un lọ́jọ́ tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, kò sì ní òmíràn."

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Ó bàjẹ́ kẹ̀! Lẹ́ńsì gidi ni. Ó ń ríran nínú ìdájí bí ológbò, àárín fọ́tò rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá kọjú sí i, gbogbo ẹ̀ á funfun bí ẹ̀kọ. Ọwọ́ lẹ máa fi yí i kó tó ríran ketekete. Èyí tó wá le jù, kì í fa òkèèrè sítòsí. Ẹsẹ̀ ayàwòrán ló ń fà á. Kí ojú èèyàn tó kún fọ́tò báyìí, ẹ ti sún mọ́ ọn débi tí ẹ máa mọ ohun tó jẹ lánàá."

"Tó bá gé e, tó wá fẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

"Á rí wóró-wóró bíi gààrí. Ẹ tún wo ilé tó wà lẹ́yìn ọmọ yìí, ó ti yọ́, kò hàn kedere. Ìgbà tó bá súnmọ́ èèyàn nìkan ló ń yọ́ ẹ̀yìn báyẹn. Láti òdìkejì odò, ẹ ò bá máa ka ìṣó ara ilé yẹn."

Ojú ti Ògúnlànà débi pé bí wọ́n bá tẹ́ ẹja tútù sí i lójú, á jinná. Ohun tí Sódìq fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nìyí, òun sì fi rẹ́rìn-ín.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó kó gbogbo wọn jọ sí Etikan, Sódìq tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ó yá ẹ́ńjìnì kan, ó gbé e lé èjìká ara rẹ̀.

"Pius, lọ síbi tó o dúró sí. Yà mí."

Kọ́ńsítébù kan wa Pius kọjá odò, ó yà á, wọ́n padà dé. Nínú fọ́tò, Ìnsípẹ́kítọ̀ Ògúnlànà kò ju edé lọ.

"Èmi tí mo sanra tó báyìí ni mo kéré báyẹn. Kí ló sọ Sódìq di ńlá?"

"Bóyá... bóyá mo sún mọ́ ọn díẹ̀, sà."

"Sínú odò?" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, àfi ọ̀gá. "Tó o bá sún mọ́ ọn, ó rí ọ nìyẹn. Olè wo ló máa dúró jẹ́jẹ́ kó o fọwọ́ yí lẹ́ńsì? Fọ́tò àtijọ́ ni, bí ọmọ yìí ṣe wí. Ẹni tó sì ti to irọ́ sílẹ̀ kí igbe Bàdírátù tó rọlẹ̀, ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ́ńjìnì máa sọnù. Níbo ló wà?"

Pius jókòó sórí pákó. "Ó wà lábẹ́ àwọ̀n nílé mi. N kò fẹ́ tà á. Rekiyat ni, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya... Màmá rẹ̀ ti ní Sódìq lòun máa fún. Mo ní tí orúkọ Sódìq bá bàjẹ́..."

"Pius!" ni Bàdírátù wí. "Ìwọ tó ò ń jẹun nílé mi?"

Pius gbé kámẹ́rà bojú.

Ògúnlànà tú Sódìq fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá ọmọ náà tòun ti aṣọ ọlọ́pàá. "Màmá, ọmọ yín sọ òótọ́ fún mi. Èmi ni mo dití sí i."

Ìyá náà kò ní kó dìde. "Mo gbọ́, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n àwọn tó hó lé ọma mi lórí, ará Ayétòrò wà níbẹ̀, ará Àráròmí wà níbẹ̀, ará Ugbónlà wà níbẹ̀. Kálukú ti wọkọ̀ gbé ìtìjú rẹ̀ lọ sílé. Ta ló máa lé wọn bá?"

Ògúnlànà dìde. Kò mọ odò wẹ̀, síbẹ̀ ó wọ inú ọkọ̀, ó ní kí wọ́n máa wà á lọ.

Ní èbúté àkọ́kọ́, ó na ara rẹ̀ ró. "Èmi Ògúnlànà, mo pe ọmọ ọlọ́mọ lólè. Kò jalè!"

Ohùn rẹ̀ kéré ju ti yànmùyánmú lọ.

"A ò gbọ́!" ni ẹnì kan kígbe láti etí omi.

Ó tún un sọ.