Ojú Eyín Lára Eegun

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè é ní irọ́, àmọ́ obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, orí rẹ̀ sì pé. Kì í ṣe ẹni tí ń sọ ìsọkúsọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́, láì gbé ohùn sókè. Bó ṣe sọ ọ́ náà la ṣe ń sọ ọ́ yìí, a ò fi iyọ̀ sí i.

Ìyá Eegun ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Opó ni, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Abẹ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà, nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí kò sí fèrèsé. Tábìlì gígùn kan ló wà níbẹ̀, iná kan tó rọ̀ wálẹ̀ láti òkè àjà, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mẹ́ta tó fi ń gbọn iyẹ̀pẹ̀. Àwọn awalẹ̀, àwọn tí ń hú ohun àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀, ló máa ń kó eegun ẹran wá bá a láti ibi tí àwọn ará àtijọ́ gbé rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ ohun tí àwọn yẹn jẹ.

"Ẹnu ló ń jẹ, eegun ló ń rojọ́," ló máa ń wí.

Bó bá gbé eegun itan àgùntàn dání, á sọ bóyá wọ́n sun ún ni àbí wọ́n sè é. Bí wọ́n bá là á gbọọrọ, mùdùnmúdùn inú rẹ̀ ni wọ́n ń wá, a jẹ́ pé ọdún yẹn kò rọgbọ. Ojú eyín tó wà lára rẹ̀ á sì sọ ẹni tó jẹ ẹ́, ìbáà jẹ́ ajá, ìbáà jẹ́ eku, ìbáà jẹ́ ènìyàn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ó ń dá gbé. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, wà ní ìlú òkèèrè pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ tirẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló máa ń pè é lórí fóònù, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni: kí màmá kó ẹrù, kí wọ́n wá máa bá àwọn gbé. Màmá á ní òun ti gbọ́. Lẹ́yìn náà á jẹun lórí ìdúró nínú kíṣíìnì, á fọ abọ́ kan àti ṣíbí kan, á lọ sùn. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ lórí fóònù yẹn lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó máa sọ títí di ọjọ́ Ajé.

Eegun tó kó ìdààmú bá a wá láti inú ààtàn kan. Ọ̀gá àwọn awalẹ̀ ló ṣàlàyé fún un pé ìdílé kan ṣoṣo ló ń da ìdọ̀tí síbẹ̀, títí ó fi di òkìtì, tí iyẹ̀pẹ̀ sì bò ó. Wọ́n ti wà á ní ìpele ìpele, wọ́n sì di ìpele kọ̀ọ̀kan sínú àpò tirẹ̀. Gbogbo àpò náà jẹ́ ogójì. Àpò kìíní ló wá láti ìsàlẹ̀ pátápátá, òun ló pẹ́ jù. Àpò ogójì ló wá láti òkè.

Ìyá Eegun bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tó fi máa dé àpò kejìlá, ó ti ń mọ àwọn ará ilé náà bí ẹni mọ aládùúgbò. Ẹnìkan wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tó máa ń rún orí eegun adìẹ títí á fi rí ṣóńṣó. Ẹnìkejì kò ní eyín iwájú kan. Níbi tó bá ti ge eegun jẹ, ojú eyín á jinlẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àlàfo á sì wà láàárín.

Lọ́jọ́ tó rí ìyẹn, ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ahọ́n kan àlàfo tó wà níwájú ẹnu tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó ṣubú lu etí kànga, tí eyín náà fi ká.

Eyín wẹ́wẹ́ ti ọmọdé kan bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú àpò kejìdínlógún. Ó ń tóbi sí i bí àpò ṣe ń lọ. Nínú àpò kejìlélọ́gbọ̀n, odindi ewúrẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ojú eyín ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò rí eyín ọmọ náà mọ́.

"Wọ́n ti fa ọmọ fọ́kọ," ló sọ sínú yàrá tó dákẹ́ náà. Kò mọ ìdí tó fi sọ ọ́.

Àpò karùndínlógójì, ẹja ni, kìkì ẹja. Ìyá Eegun fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni dókítà fi ní kí ọkọ rẹ̀ má fẹnu kan ẹran, kó tó kú. Ọkọ rẹ̀ náà kì í fi eegun adìẹ sílẹ̀ láìrún un ṣóńṣó. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń bá ajá du ìjẹ.

Àpò kẹrìndínlógójì, ìlàjì adìẹ kan. Ẹnìkan ṣoṣo ló jẹ ẹ́. Àlàfo wà láàárín eyín rẹ̀.

Ó gun òkè lọ bá ọ̀gá àwọn awalẹ̀, ó sì rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọkùnrin náà. Ó ní kò sí ilé tí wọn kì í bímọ, tí wọn kì í fọ́mọ fọ́kọ, tí ẹnìkan kì í kú ṣáájú ẹnìkejì. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú o. Ẹni tó bá ń dá gbé, kò síbi tí ò ti ní máa rí ara ẹ̀."

Ó dun Ìyá Eegun, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. Ó padà sísàlẹ̀.

Nínú àpò kejìdínlógójì ló ti rí ẹsẹ̀ adìẹ tó wọ́. Eegun náà ti kán nígbà tí adìẹ wà láàyè, ó sì ti so padà ní wíwọ́, ó kọ ojú sí òsì. Ìyá Eegun mọ̀ ọ́n. Òun ló fi igi pẹlẹbẹ àti òwú so ó. Àgbébọ̀ kan ṣoṣo tó ń sìn lẹ́yìnkùlé ni, èyí tí ilẹ̀kùn há lẹ́sẹ̀. Nígbà tí kò yé ẹyin mọ́, ó pa á, ó sì fi ọjọ́ mẹ́rin jẹ ẹ́.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gé díẹ̀ lára eegun náà, ó fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń wádìí ọjọ́ orí nǹkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé. Wọ́n ní eegun náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún.

Ìgbà yẹn ló tó sọ fún ọ̀gá awalẹ̀. Ọkùnrin náà ka lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì. Ó béèrè ibi tí eegun àgbébọ̀ yẹn wọlẹ̀ sí. Ìyá Eegun dáhùn pé àwọn akólẹ̀ ti gbé e lọ tipẹ́. Ọ̀gá náà kò tún sọ mọ́ pé ara rẹ̀ ni obìnrin náà ń rí. Kò sì sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá náà mọ́.

Àpò kọkàndínlógójì, ọrùn adìẹ mẹ́fà. Oṣù tó kọjá ni Ìyá Eegun rà wọ́n.

Ó ku àpò kan. Ó fúyẹ́. Ọ̀gá awalẹ̀ ti kọ ọ́ sára rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà á pé: *Lókè èyí, iyẹ̀pẹ̀ nìkan ni.* Ìyá Eegun gbé e sórí pẹpẹ, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Bí ti oṣù tó kọjá bá wà nínú kọkàndínlógójì, kí ló wà nínú ogójì? Ọjọ́ mọ́kànlá ni kò fi tú u. Ó ń fọ àwọn eegun tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Iná ń kùn lókè orí rẹ̀. Kò sí ìró mìíràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejìlá, gbogbo òṣìṣẹ́ yòókù lọ sí ìpàdé lókè. Ó gbọ́ tí nǹkan sún nínú àpò náà. Díẹ̀ báyìí ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá yí ẹ̀gbẹ́ padà lójú oorun. Ó dúró. Kò tún dún mọ́. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó sì tú okùn ẹnu rẹ̀.

Eegun odindi adìẹ kan ló wà níbẹ̀. Ó gbé itan kan sábẹ́ awò, ó rí àlàfo tirẹ̀. Ó gbé itan kejì.

Eyín mìíràn ni. Kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀, kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀. Wọ́n wẹ́, wọ́n pọ̀, wọ́n tò mọ́ra wọn pẹ́kípẹ́kí. Ó wọ̀n wọ́n. Ó fi wé ti ọmọdé, ti àgbà, ti ajá, ti gbogbo ohun tó ń jẹ eegun tó ti rí láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò mọ ẹni tó ni wọ́n. Ohun kan ló mọ̀: ẹni náà àti òun, adìẹ kan náà ni wọ́n jọ jẹ, nídìí iná kan náà.

Ohun tó ń tì í lójú láti sọ ni pé ẹ̀rù kọ́ ló kọ́kọ́ bà á. Inú rẹ̀ dùn.

Ní Sátidé, ọmọ rẹ̀ pè, ó ní àwọn ti tún yàrá ṣe fún màmá, kí wọ́n máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Mi ò ní lè wá," ló wí. "Mò ń retí àlejò."

"Àlejò kẹ̀? Ta ni, Màmá?"

"Mi ò tíì mọ̀."



Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá Eegun kò jẹun lórí ìdúró mọ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń tẹ́ tábìlì, ó ń gbé àwo méjì kalẹ̀, ó ń bu oúnjẹ sí méjèèjì, ó sì ń jókòó. Oúnjẹ àwo kejì a máa tutù, á sì dà á nù. Ọjọ́ mẹ́jọ ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, adìẹ ló sè. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ìmọ́lẹ̀ kò tíì tán lójú fèrèsé. Ó tẹ orí ba, ó ti jẹ itan kan. Ó gbọ́ tí wọ́n fa àga òdìkejì. Kò gbọ́ ilẹ̀kùn. Kò gbọ́ ẹsẹ̀.

Kò gbé orí sókè. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Eegun fọ́ lódìkejì. Eyín bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lára eegun náà, púpọ̀, wẹ́wẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi ti ẹni tí ebi ti ń pa tipẹ́tipẹ́, àmọ́ tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ nílé.

"Ṣé iyọ̀ ẹ̀ tó?" ló bi í.

Àwo òdìkejì sún lórí tábìlì, ó rọra wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀, òfìfo. Ó bu èyí tó kù nínú ìkòkò sí i, ó tì í padà. Ó gbọ́ ìró eegun. Nígbà tí àwo náà tún sún wá, ìkòkò ti gbẹ. Ó wo èyí tó kù nínú àwo tirẹ̀. Ó bu gbogbo rẹ̀ sí i, ó sì tì í sí òdìkejì.

Ilẹ̀ ń ṣú. Eegun ń fọ́, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tó yá, ìró náà dákẹ́, àwo náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sún bọ̀.