Àtẹ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ṣọ́

Bí táyà alùpùpù Oríyọmí kò bá jò lọ́jọ́ Sátidé yẹn, bóyá ni ì bá mọ̀ láéláé pé ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ẹnìkan kó tó rí ojú rẹ̀.

Ẹ̀bá ọ̀nà Ejinrin ni táyà náà ti jò. Ó ti alùpùpù sábẹ́ igi máńgòrò kan, ibẹ̀ ló ti rí àtẹ náà: ẹja yíyan ní ìdì-ìdì lórí ewé, ọsàn, ata rodo, àti ike kan tí wọ́n fi ọmọrí dé. Òkúta wẹ́wẹ́ wà níwájú ìdì kọ̀ọ̀kan, òmíràn mẹ́ta, òmíràn márùn-ún. Gbogbo ará àdúgbò ló mọ̀ pé òkúta kan, igba náírà ni. Wọ́n sì tún kọ ọ́ sára pákó fún àlejò. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò ka òkúta, yóò ju owó sínú ike, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sí olùtajà. Kò sí ẹnikẹ́ni rárá, àfi ewúrẹ́ kan tó ń jẹ èèpo ọsàn.

Oríyọmí ya ẹnu. Ọdún méje ló ti fi jókòó sínú yàrá kékeré kan nílé ìtajà ńlá kan ní Ìkòròdú, tó ń wo kámẹ́rà. Ó ti rí ìyá ọlọ́mọ tó ki agolo mílíìkì bọ abẹ́ ìró. Ó ti rí ọkùnrin oníkóòtù tó jẹ búrẹ́dì tán nínú ṣọ́ọ̀bù, tó sì fi ọ̀rá rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn àpò ìrẹsì. Iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Nínú yàrá kan ṣoṣo tó háyà ní Lasunwon, òun nìkan ló ń sè, òun nìkan ló ń jẹ, kọ́kọ́rọ́ méjì ló sì fi ń ti ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ ní Ìkirè ti béèrè ìyàwó títí ó ti sú u. Ẹni tí kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni, ta ni yóò kó kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́?

Ó mú ìdì ẹja olókùúta mẹ́ta. Ẹgbẹ̀rún náírà kan ló wà lápò rẹ̀, ó jù ú sínú ike, kò sì mú ṣéńjì. Ẹ̀rù bà á pé bí òun bá ki ọwọ́ bọ inú ike yẹn, ẹnìkan lè máa wo òun.

Ní Sátidé kejì, ó ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀, níbi tó ti máa ń lọ tún kámẹ́rà ẹ̀ka ilé ìtajà wọn wò, ó sì tún yà síbẹ̀. Ọ̀rá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike, wọ́n so ó lẹ́nu, wọ́n gbé òkúta lé e. Irínwó náírà ló wà nínú rẹ̀ àti bébà kan: *Ti ẹni tó fi ẹgbẹ̀rún sílẹ̀ ní Sátidé. Ẹ má bínú, a ò mọ ilé yín.*

Owó yẹn ti wà lẹ́bàá ọ̀nà, lójú gbogbo ayé, kò sì sẹ́ni tó mú un. Oríyọmí jókòó sórí gbòǹgbò máńgòrò. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ojú sì tì í fún un. Ó yọ bírò, ó kọ ọ́ sẹ́yìn bébà náà pé: *Ta ni yín?* Ó fi í sábẹ́ ata.

Ní Sátidé kẹta, ẹni tó ni àtẹ dúró dè é.

"Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí ata mi?" Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni. Ṣé wọn kì í jí i ni?"

"Kí ni wọ́n á jí? Ata?"

"Ohun gbogbo."

Obìnrin náà wò ó dáadáa. "Níbo lẹ ti wá gan-an?"

Ìbíjọkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Bàbá Fábíyìí, apẹja. Oko ló ń lọ láàárọ̀, ẹja ló ń yan lọ́sàn-án, kò ráyè jókòó ti àtẹ. Ìyá rẹ̀ tó ti kú ló ń pàtẹ bẹ́ẹ̀, òun náà sì ń bá a lọ.

Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn. Gbogbo Sátidé ni Oríyọmí ń yà. Ìbíjọkẹ́ ń pè é ní "Ọlọ́pàá mi," ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó máa ń ka ẹyọ ẹja nínú àwo kó tó jẹun. Lọ́jọ́ kan, Oríyọmí sọ fún un pé, "Ìbíjọkẹ́, àyànfẹ́ mi, ọ̀dọ̀ rẹ nìkan ni mi kì í ti bojú wẹ̀yìn." Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Bàbá Fábíyìí pè é jókòó. "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Mò ń ṣọ́ àwọn oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù, sà, kí wọ́n má baà jalè."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, sà."

Bàbá fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Ó máa rẹ̀ ọ́." Ṣùgbọ́n ó gbà. Wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìyá Oríyọmí sì jó lórí fóònù ní Ìkirè.

Ibi tí Oríyọmí ti ń wá ẹ̀bùn tí yóò fún ìyàwó àfẹ́sọ́nà ló ti ṣìṣe. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kan ṣoṣo, iṣẹ́ náà ni yóò fi ta ọrẹ. Ó fi kámẹ́rà kékeré kan sí ìkòríta ẹ̀ka máńgòrò náà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun fẹ́ máa bá a ṣọ́ ọjà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àdáwà ń pa á láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì fẹ́ máa rí ọwọ́ Ìbíjọkẹ́ bó ṣe ń to ẹja sórí ewé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó rí arúgbó kan nínú fóònù, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ bọ̀. Màmá náà mú ìdì ẹja tó wà ní etí àtẹ sínú àpò rẹ̀, ó sì ki ọwọ́ bọ inú ike. Oríyọmí fa àwòrán náà súnmọ́ ojú. Ọwọ́ náà ṣófo. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kejì, bákan náà. Ní ẹ̀kẹta, ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó di Ejinrin.

Nítòsí igi náà ló ti pàdé rẹ̀. Ẹnu Oríyọmí sì sọ ohun tó ti ń jáde sọ fún ẹni tó bá fura sí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti ọdún méje:

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo inú àpò yín."

Ọjọ́ ọjà ni. Àwọn obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ dúró, wọ́n ń wò. Màmá kò jiyàn. Ó yọ ẹja náà, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì yí padà sílé. Ó gbàgbé ọ̀pá rẹ̀ síbẹ̀.

Ìdí ààrò ẹja ni Oríyọmí bá Ìbíjọkẹ́ àti bàbá rẹ̀. "Mo ti mú olè rẹ."

Ìbíjọkẹ́ wo ẹja, ó wo ọ̀pá. "Ọ̀pá Ìyá Ṣàmsúdéènì nìyẹn."

"Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ń mú ẹja láìsanwó. Mo ní fídíò rẹ̀."

"Òkúta mélòó ló wà níwájú ẹja yẹn?"

Oríyọmí wò ó nínú fóònù. Ó tún un wò. Òkúta wà níwájú gbogbo ìdì yòókù. Níwájú èyí, ẹyọ kan kò sí. "Mo rò pé o gbàgbé ni."

"Mo ti ń gbàgbé rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ sí Líbíà, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Bí mo bá gbé ẹja lọ sílé fún un, kò ní gbà, kì í ṣe alágbe. Ló ṣe máa ń ki ọwọ́ bọ ike, kí èrò ọ̀nà lè rò pé ó rà á ni."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mi ò sọ ọ́ fún òun náà."

Bàbá Fábíyìí mí kanlẹ̀. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Ìgbà yẹn ni Ìbíjọkẹ́ tó béèrè pé, "Níbo lo ti rí fídíò?"

Oríyọmí na ọwọ́ sí igi máńgòrò.

Ó dá ọ̀pá padà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Ṣàmsúdéènì. Màmá ní kó dìde. "Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Iṣẹ́ rẹ lo ṣe. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò gbé ọ̀nà yẹn mọ́." Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ẹja etí àtẹ wà níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Abẹ́ máńgòrò ni wọ́n ti pínyà.

"Mo fẹ́ràn rẹ," Ìbíjọkẹ́ wí. "Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń bu ọbẹ̀ nílé rẹ, màá máa wo òkè àjà."

"Mo ti yọ ọ́ kúrò lórí igi."

"Mo mọ̀. Orí igi kọ́ ló wà."

Oṣù mẹ́ta kọjá. Oríyọmí ń sè, ó ń dá jẹ ẹ́, yàrá rẹ̀ sì dákẹ́ débi pé ó ń gbọ́ omi ẹ̀rọ ilé kejì. Ní Sátidé kan, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó yà. Àtẹ wà níbẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìdì kan ṣì wà létí rẹ̀ láìní òkúta. Kò fọwọ́ kàn án. Ó mú ti olókùúta mẹ́ta, ó ju ẹgbẹ̀rún náírà sínú ike, ó sì fi ṣéńjì sílẹ̀, bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń ronú ohun tí yóò wà nínú bébà.

Nígbà tó padà, ọ̀rá kékeré náà wà lábẹ́ òkúta. Ó tú u. Bébà kò sí nínú rẹ̀.

Ó ka owó náà. Ó tún un kà. Ọdún méje ló ti fi ń wá ohun tó dín, ọjọ́ yìí ló kọ́kọ́ gbàdúrà pé kí nǹkan dín, kí obìnrin náà ṣì jẹ òun ní ohun kan, ì báà ṣe náírà kan péré.

Irínwó náírà náà pé.