Ẹni Tó Ro Ọbẹ̀ Lọ́jọ́ Náà

"Ohun tí wàá sọ ò ju ẹyọ kan lọ," ni Màmá Stojna wí fún Bisera, ọmọ ọmọ rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. "Lọ́jọ́ tí wọ́n ń wí yẹn, bàbá rẹ ló ń ro ọbẹ̀ tàtàṣé látàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò kúrò lágbàlá. Ọmọ àlè ló ń fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀, o gbọ́?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Bisera. Bàbá rẹ̀, Trajče, ló ń kọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wọn. Kire, tó ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ náà, ti jẹ́wọ́ pé Trajče ló pè wọ́n jọ sílé ọtí lọ́jọ́ yẹn, tó ní kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù, kí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun lè fi jẹ tẹ́tẹ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin ni wọ́n dá fún un. Ohun tó lè gbà á sílẹ̀ ni kí Bisera sọ pé ilé ni bàbá òun wà.

"Ọmọ mi, òfin ò fipá mú ọ," ni olórí àwọn adájọ́, obìnrin onírun funfun, wí. "O lè dákẹ́."

"Màá sọ̀rọ̀, mà. Bàbá mi ò kúrò nílé. Àwọn ló ń ro ọbẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mò ń… mò ń bó tàtàṣé."

"Háà! Èmi náà máa ń se ọbẹ̀ yẹn pa mọ́ de òtútù. Ẹni tó bá ń rò ó ló máa ń ta sí lára. Kí ló wá jó ọ lọ́wọ́ báyẹn?"

Bisera fa apá aṣọ bo àpá náà. Ó ti pẹ́ jù. Ó rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe gbé igi ìrobẹ̀ lé e lọ́wọ́, tó ní òun ń bọ̀. Bó bá fi í sílẹ̀, ọbẹ̀ á jóná. Ọbẹ̀ ń ta sí i lọ́wọ́ òsì, ó ń sunkún, ó ń rò ó. Nígbà tí bàbá dé, fóònù ló ń tẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bó bá tún purọ́, Kire ni wọ́n á pè lópùrọ́. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè.

"Èmi ni mo rò ó, mà. Bàbá mi jáde fún wákàtí mẹ́ta."

"Yéè! O ti tà wá!" ni Màmá Stojna ké.

Àwọn adájọ́ wọlé lọ, wọ́n jáde. Wọn ò yọ ọjọ́ kan nínú ọdún mẹ́rin náà.

Bí ọlọ́pàá ṣe ń mú Trajče lọ, ó dúró níwájú ọmọ rẹ̀. Bisera di ojú, ó rò pé èpè ló ń bọ̀. Bàbá fi ọwọ́ tó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú.

"Ṣé ó dùn ẹ́ gan-an lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó dùn mí, Bàbá."

"Mi ò tiẹ̀ bèèrè." Ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ọmọ, òtítọ́ korò, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Oṣù mẹ́ta ni Màmá Stojna ò fi bá Bisera sọ̀rọ̀. Àmọ́ ká ní ó purọ́ ni, bàbá rẹ̀ ì bá wálé lóòótọ́, kò sì ní bèèrè bóyá ó dùn ún láéláé.