Ẹnu Méjì Lórí Igi Kan

Inú eruku igi, ní ilé iṣẹ́ káfíńtà kan, ni ọkùnrin náà ti kọ́kọ́ rí i. Obìnrin náà dúró ti ilẹ̀kùn tuntun kan, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì jìnnà sẹ́kún.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gé e báyìí?"

"Bàbá ní kó gùn, ẹ̀yin ní kó kúrú, àǹtí," ni agégi dáhùn. "Kí n má bàa ṣẹ ẹnikẹ́ni, mo gé e sí àárín."

Ilẹ̀kùn náà ò bá ojú ilé kankan mu. Látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá obìnrin náà jókòó sí yàrá òkè, ọmọ yìí ló ń darí iṣẹ́, bàbá náà sì ń pàṣẹ láti ojú fèrèsé. Ọkùnrin tó ń wò ó yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti wá tún ètò ibẹ̀ tò.

"Òṣìṣẹ́ kan, ọ̀gá kan," ló sọ fún un. "Bí ẹnu bá pọ̀ lórí iṣẹ́, ọwọ́ á dàrú."

"Ẹ lọ sọ ọ́ fún fèrèsé," lobìnrin náà fèsì, ó sì gbọn eruku kúrò léjìká ọkùnrin náà. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára.

Ọkùnrin náà pín iṣẹ́: ẹni tó ń gé kì í kùn mọ́, ẹni tó ń kùn kì í gé mọ́. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á jọ jókòó lórí pákó, títí "àǹtí" fi di "olólùfẹ́ mi". Àmọ́ àṣẹ ò yé já bọ́ láti òkè, àwọn oníbàárà sì ń dín kù.

Lọ́jọ́ òjò kan, bàbá ránṣẹ́ pè é.

"Fẹ́ ọmọ mi, kí o di ọ̀gá níbí. Kí òun lọ jókòó sílé. Mi ò ní pàṣẹ mọ́."

Ohun tọ́kàn rẹ̀ ń fẹ́ nìyẹn, àfi pé orí olólùfẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ ṣí fìlà ọ̀gá tí wọ́n fẹ́ dé e lórí.

"Bàbá, ẹ ti ní ọ̀gá. Ẹ kàn ò jẹ́ kó ṣe é ni."

"Jáde!"

Ó jáde lóòótọ́. Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ: "Tèmi parí. Àǹtí nìkan ni kẹ́ ẹ máa gbọ́ tiwọn."

Iṣẹ́ ẹrù rírù ló rí ṣe lẹ́yìn náà, yàrá rẹ̀ sì tutù. Ó rò pé òun ti pàdánù olólùfẹ́ òun, àfi lọ́jọ́ ìsinmi kan tí obìnrin náà kanlẹ̀kùn, tójú rẹ̀ ti wọnú.

"Àwọn òṣìṣẹ́ ń gbọ́ tèmi báyìí," ló wí. "Ṣùgbọ́n bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní tá a bá fẹ́ra, ojú àwọn ò ní síbẹ̀."

"Ṣé kí n padà lọ gba ipò náà, kí wọ́n lè wúre fún wa?"

"Tó o bá gbà á, wàá rí ìyàwó fẹ́. Kì í ṣe èmi."

"Ṣé o máa fẹ́ mi láìsí ìwúre bàbá rẹ?"

Omijé bọ́ lójú obìnrin náà. "Màá fẹ́ ọ. Àmọ́ jẹ́ kí n sunkún bàbá mi tán ná."

Ọkùnrin náà sún àga mọ́ ọn, ó jókòó, ó ń dúró dè é.