Ẹni Tí Ó Ń Jẹ Oúnjẹ Mi

Èmi kọ́ ni mo jẹ púpurú yẹn. Mo sọ ọ́ nígbà náà, mo tún ń sọ ọ́ báyìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á, kó fi í sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tí mo ti Lọ́ńdọ̀nù dé ni. Màmá, ìyá ọkọ mi, gbé abọ́ kalẹ̀ níwájú mi nínú pálọ̀ wa ní Odìgbó: púpurú rìbìtì, ọbẹ̀ marúgbó, ẹja gbígbẹ lórí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń bù ú fún mi kí n tó lọ náà ni wọ́n bù ú. Mo fa òkèlè kékeré kan yọ, mo jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo dúpẹ́, mo lọ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo padà, abọ́ ti mọ́ kedere. Egungun ẹja wà létí rẹ̀, wọ́n tò ó jọ bí èmi gan-an ṣe máa ń tò ó.

Màmá yọjú láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹn-ẹ́n! Wọ́n ní o ò lè jẹun mọ́."

"Màmá, èmi kọ́."

"Ta wá ni? Ológbò ló to egungun?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé abọ́ náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo bá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo sanra tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè ti ẹnu ilẹ̀kùn rìn dé géètì láìjókòó sinmi. Èémí mi ń dún fíì, fíì, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Dókítà ní ọkàn mi kò ní pẹ́ dáwọ́ dúró, pé n kò ní rí ìgbéyàwó Ẹ̀bùnọlá, ọmọbìnrin wa tó wà ní yunifásítì. Gbádéyan, ọkọ mi, ń la igi gẹdú ní Orè. Owó epo ti dé, gbogbo ayé ń kọ́lé, pákó rẹ̀ kì í sùn nílé. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n lọ. Wọ́n là mí nínú, wọ́n dín àpò oúnjẹ mi kù, wọ́n rán an. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá fi dandan jẹun bíi ti tẹ́lẹ̀, ojú ibi tí wọ́n rán lè já nínú, kí n sì kú.

Ìmúláradá kì í ṣe eré. Irun mi ń já sórí ìrọ̀rí. Awọ apá mi rọ̀ jọwọlọ. Bí mo bá fi ẹnu kan nǹkan dídùn, òógùn á bò mí, ọkàn mi á máa lù kìkì. Ṣùgbọ́n mo ń rìn! Mo rìn dé ọjà, mo sì rìn padà. Ta ló bá mi yọ̀? Àwọn obìnrin ń kí mi bí ẹni kí olókùú: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á fún yín lára." Ní ibi tí Gbádéyan ti ń la igi, wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ebi ló fi ń pa ìyàwó rẹ̀.

Màmá kò sì yé bu abọ́ náà kún. Lójoojúmọ́ ni mò ń jẹ òkèlè mi kékeré, lójoojúmọ́ ni abọ́ náà ń mọ́ lẹ́yìn mi. Wọ́n á gbé e han àlejò: "Ẹ wò ó. Irọ́ ni òyìnbó ń pa." Wọ́n sọ mí di òpùrọ́ nínú ilé mi.

Ní ọ̀sán kan, mo jẹ òkèlè mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì jókòó ti ìyókù. Oòrùn kún pálọ̀. Àga ẹ̀gbẹ́ mi ké. Tìmùtìmù rẹ̀ rì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni ńlá bá ń fi ìṣọ́ra jókòó. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ èémí. Fíì. Fíì.

Mo mọ èémí yẹn. Èmi ni mo ni ín.

Òkèlè ńlá kan já kúrò lára púpurú, ó bọ sínú ọbẹ̀, ó gbéra, ó sì pòórá. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n inú bí mi ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ.

"Oúnjẹ mi nìyẹn," mo ní.

Jíjẹ náà dáwọ́ dúró. Ohùn mi, ohùn mi gan-an, dáhùn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi:

"O ò jẹ ẹ́."

Ọjọ́ kejì ni Ìdáyátù wá kí mi. Ó ń ta aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ gáréèjì Orè. Ó ti pẹ́ tó ti mú mi bí ẹ̀gbọ́n. Kò tíì jókòó tó fi ń wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí.

"Àǹtí Lọlá, ẹ má bínú. Ìgbà wo lẹ ti Orè dé?"

"N kò lọ sí Orè."

"Ẹ wà nínú mọ́tò Bàbá Ẹ̀bùn láàárọ̀ yìí. Níwájú. Mo kí yín, ẹ dá mi lóhùn."

"Báwo ni mo ṣe rí?"

Ó wo ọrùn mi, ó wo apá mi. "Bí ẹ ṣe rí kí ẹ tó lọ."

"Bàbá Ẹ̀bùn ńkọ́?"

"Wọ́n ń ra àkàrà fún yín. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín." Ó fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu. "Àsìtàgàfúrúláì. Àǹtí, ta ni mo kí?"

Kí oòrùn tó wọ̀, mo bá Màmá nídìí ìkòkò. Gbádéyan wà níbẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ìyá rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ fi abọ́ mi ṣe nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún?"

Ojú kò tilẹ̀ tì wọ́n. "Bí a ti ń ṣe é nílé wa ni. Ẹni tó bá rìnrìn àjò, a kì í fi abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. A óò bù ú kún, a óò pe orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn pé kó wá jẹun, kí ebi ọ̀nà má baà pa á. Ọjọ́ tó bá dé, yóò jẹ abọ́ náà tán fúnra rẹ̀, ìpè parí."

"N kò jẹ ẹ́ tán."

"O ò jẹ ẹ́ tán."

"Ẹ sì mọ̀ pé n kò lè jẹ ẹ́ tán."

"Mo mọ̀."

"Ẹ wá ń pè é lọ?"

"Ìyàwó ọmọ mi ni mò ń pè. Ó sì ń jẹ́ ìpè mi."

Mo yíjú sí Gbádéyan. "Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ bá mi bẹ Màmá. Kí wọ́n bu ìwọ̀n tí mo lè jẹ, kí wọ́n pe orúkọ mi. N ó jẹ ẹ́ tán lójú gbogbo yín, ó tán."

Kò wò mí. "Lọlá, nígbà tí a bá jọ jáde tẹ́lẹ̀, ayé ń rí i pé Gbádéyan ń tọ́jú ìyàwó."

"Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nínú ìtọ́jú yẹn!"

"Òun ń jẹ ohun tí mo bá rà fún un."

"Nítorí náà, ẹ mọ̀. Ẹ̀ ń gbé e kiri nínú mọ́tò."

Ọbẹ̀ ń hó. Màmá di ìgbákọ mú, wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀ ọmọ wọn.

"Ẹ bù ú kún, Màmá."

Wọ́n bù ú kún. Wọ́n lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. "Oyèlọlá o! Wá jẹun!"

Mo la ẹnu láti jẹ́ ìpè wọn. Ẹnì kan ti jẹ́ ṣáájú mi.

Ó gba ojú ọ̀nà ilé ìdáná wọlé, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù sì ń mì bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni. Apá mi ni. Gbádéyan sáré fa àga fún un. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, kò fa àga fún mi rí.

"Kú àbọ̀, Lọlá mi."

Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó sì wò mí tìwàtìwà, bí obìnrin ilé tó rí ẹni tí kò mọ̀.

"Àlejò, ẹ wá bá mi jẹ ẹ́."

"Èmi ni Oyèlọlá!" Mo kígbe rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Màmá ń bomi sí ife fún un. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè.

Ọ̀dọ̀ ìyá Ìdáyátù ni mo wà báyìí, ní Àgọ́ Aláayè. Mò ń jẹ ìwọ̀n mi, mò ń rìn lọ sí oko kòkó, mo sì ń rìn bọ̀. Nígbà tí Ẹ̀bùnọlá wálé lọ́dún Kérésìmesì, mo lọ bá a ní géètì. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bi mí pé ta ni mo wá bá. Ìyá rẹ̀ ń pè é láti inú ilé.

Ìdáyátù ní obìnrin náà kò lè rìn dé géètì mọ́, pé láti títì ni wọ́n ti ń gbọ́ èémí rẹ̀. Dókítà ti sọ ibi tí irú èémí yẹn ń parí sí fún mi. Orúkọ mi ni wọn yóò pè lójú oórì, ọmọ mi ni yóò da iyẹ̀pẹ̀ sí i.

N ó lọ. Iwájú gan-an ni n ó jókòó sí. Kí Gbádéyan wojú mi níbẹ̀, kó wá sọ fún ọmọ mi ẹni tí wọ́n ń sin.